Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rí Jíjẹ́ Nínú Ẹjọ́ Ìpànìyàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹjọ́ dídá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí òun kò sí, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún adájọ́ lórí àga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹni tí ó ń ka ìwé ìtàn. Ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn sí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì ní láti fi etí sílẹ̀, kí wọ́n sì fi òye ya èèpo kúrò lára ọkà.

Nítorí ìdí èyí, kò yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí jẹ́ ti àwọn amòfin nìkan. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń gbọ́ ẹ̀rí kò lè ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dáadáa. Bákan náà ni ẹni tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ti kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ lè jókòó sí kóòtù kí ó má gbọ́ nǹkan kan. Àgbéyẹ̀wò yìí dá lórí ibi tí àwọn ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

Ẹ̀rí nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, tí Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971, ìlẹ̀kùn tuntun ṣí fún ìtàn àròsọ Yorùbá. Ọ̀nà tí D. O. Fágúnwà là sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń tọ̀ ṣáájú: ọ̀nà igbó, iwin àti akọni ọdẹ. Lápàdé tí Òkédìjí dá kì í ṣe ọdẹ inú igbó. Ọdẹ ìgboro ni, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò fi í sílẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé gba ojú ọ̀nà mìíràn wọ ọjà kan náà. Nínú àwọn ìwé rẹ̀ bí Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), ìbéèrè àti ìdáhùn ni ó gbé ìtàn ró. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, Òkédìjí fẹ́ràn ìlépa, Akínlàdé fẹ́ràn ìwádìí.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe. Wọ́n kọ́ òǹkàwé Yorùbá láti máa fura. Wọ́n kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá-ìtàn kan sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ lè padà wá tako èyí tí yóò sọ ní ìparí, àti pé ẹni tí ó ń sunkún jù lọ nínú ọ̀fọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ìdí ikú. Kò sí olùkọ́ tí kò ní yọ̀ sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àléébù kan wà nínú irú ìtàn yìí, kì í ṣe ní èdè Yorùbá nìkan bí kò ṣe níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Òǹkọ̀wé ti mọ ẹni tí ó pànìyàn kí ó tó mú kálàmù. Gbogbo ẹlẹ́rìí tí ó bá gbé wá, àkàbà ni wọ́n jẹ́, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò gùn dé òkè. Bí ó bá gùn ún tán, ọ̀daràn yóò jẹ́wọ́, tàbí kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe àlàyé tí kò sí ẹni tí yóò já a ní koro. Iyèméjì yóò pòórá bí ìrì òwúrọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa parí níbi tí ẹjọ́ gan-an ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkàwé yóò pa ìwé dé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òtítọ́ a máa fúnra rẹ̀ jáde bí àwọn ènìyàn bá ti sọ̀rọ̀ tó. Kóòtù kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí a jí gbé

Rumuomasi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìkwẹrẹ́ tí Port Harcourt ti gbòòrò dé, tí ó sì ti sọ di àdúgbò. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor ni ó wà, ní ìhà ọ̀nà tí ó lọ sí Aba, kò sì jìnnà sí Rumuobiakani tí ilé-iṣẹ́ epo Shell fi ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èdè kò lóǹkà níbẹ̀. Kí a fi ibẹ̀ ṣe àpèjúwe lásán, nítorí àpèjúwe ni, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀. Kí a ní wọ́n pa awakọ̀ kan níbẹ̀ ní òru, wọ́n sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọlọ́pàá rí ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Olùpẹjọ́ mú ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá. Obìnrin tí ń ta bọ̀ọ̀lì ní ẹ̀bá títì ni ẹni kìíní: ó ní òun rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì ni ẹni kejì: ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọkọ̀ wá kí òun fi ọ̀dà mìíràn kùn ún. Aládùúgbò ni ẹni kẹta: ó ní ìyàwó òun sọ fún òun pé ọmọkùnrin náà ń fọ́nnu.

Òǹkàwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò ti dá ẹjọ́ náà kí ẹlẹ́rìí kẹta tó jókòó. Òfin kò ní yára tó bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní abala 126 béèrè pé kí ẹ̀rí àfẹnusọ ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fojú rí i tàbí tí ó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ wá. Abala 38 sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbọ́sọ, àfi níbi tí òfin fúnra rẹ̀ bá ti ṣí i. Nítorí náà aládùúgbò yìí kò tí ì sọ nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, kí ìyàwó wá sọ ọ́. Ohun tí òfin fi abala méjì sọ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni àwọn baba wa fi sọ ọ́: ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà tún wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Abala 167 gba ilé-ẹjọ́ láyè láti rò pé ẹni tí a bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí a jí i ni olè tàbí agbodegbà, àfi bí ó bá lè sọ bí ẹrù náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ìdí ọkọ̀ dé ìdí òkú. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ olè lè jẹ́ aṣebi láìjẹ́ apànìyàn. Ibi tí ìwé ìtàn ti máa ń fò bí ìgalà fo odò nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni adájọ́ gbọ́dọ̀ ti fi ẹsẹ̀ wọ́ omi.

Ó ku obìnrin oníbọ̀ọ̀lì. Òun nìkan ni ó sọ pé òun fojú rí. Síbẹ̀ ojú pàápàá ní ìbéèrè tirẹ̀. Ní 1976, nínú ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Turnbull, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kalẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà sì ti ń lò wọ́n. Báwo ni ó ti pẹ́ tó tí ó fi rí ẹni náà? Báwo ni wọ́n ti jìnnà sí ara wọn? Irú ìmọ́lẹ̀ wo ni ó wà? Ǹjẹ́ nǹkan kan dí i lójú? Ǹjẹ́ ó ti mọ ẹni náà tẹ́lẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ó wà láàrin ìgbà tí ó rí i àti ìgbà tí ó tọ́ka sí i fún ọlọ́pàá? Ǹjẹ́ bí ó ti júwe rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bá ìrísí rẹ̀ mu? Obìnrin náà lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá kí ó sì ṣi ẹni mú. Èyí ni ohun tí ó ṣòro jù lọ fún òǹkàwé ìtàn láti gbà, nítorí nínú ìwé, ẹlẹ́rìí tí ó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, òpùrọ́ ni.

Ohun kan tún kù. Òfin kò béèrè iye ẹlẹ́rìí kan pàtó láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ohun tí abala 200 sọ nìyẹn. Ẹ̀rí kì í ṣe owó ẹyọ tí à ń kà, ìwọ̀n ni à ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹlẹ́rìí olùpẹjọ́ méjì bá sì tako ara wọn lórí ohun tí ó ṣe kókó, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Onubogu ní 1974 pé adájọ́ kò gbọdọ̀ kàn mú ọ̀kan kí ó ju èkejì nù láìjẹ́ pé olùpẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni ìtakora. Ènìyàn méjì kò lè wo ohun kan náà kí wọ́n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan náà. Nígbà tí ẹ̀rí àwọn ènìyàn mẹ́ta bá dọ́gba láìyẹ̀ bí ẹ̀kọ́ tí a pọ́n sínú ewé kan, ìgbà náà ni ó yẹ kí olùgbọ́ fura.

Èdè ẹlẹ́rìí àti èdè adájọ́

Iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá gan-an bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Obìnrin oníbọ̀ọ̀lì lè sọ èdè Ìkwẹrẹ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì adàlú. Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ dúró láàrin wọn. Òfin ìjọba Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36, fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè sọ èdè méjì di ọ̀kan.

Kí a wo èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ pé, “Ó sá lọ,” kò tí ì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Bí ó bá tún sọ pé, “Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ,” ọ̀rọ̀ náà lè túmọ̀ sí ènìyàn púpọ̀, ó lè túmọ̀ sí àgbàlagbà kan tí ẹlẹ́rìí bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kò mọ ẹni tí ó gbé e rárá, pé ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. “Wọ́n pa á” náà rí bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ tí kò bá bi ẹlẹ́rìí padà lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ apànìyàn kan di mẹ́ta, tàbí kí ó sọ ẹni tí kò rí nǹkan kan di ẹni tí ó rí gbogbo rẹ̀. Ìwé tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò sì kà lẹ́yìn náà, ti ògbufọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́rìí.

Òǹkọ̀wé kan wà ní Port Harcourt tí ọ̀rọ̀ yìí yé dáadáa. Ní 1985, Ken Saro-Wiwa tẹ ìwé Sozaboy jáde, ó sì kọ ọ́ ní irú Gẹ̀ẹ́sì fífọ́ tí ọmọ mẹ̀kúnnù ń sọ, nítorí pé bí a bá tún èdè ọmọ náà ṣe, ẹ̀rí tirẹ̀ nípa ogun yóò pòórá. Kò pé ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà tí ẹ̀rí ẹnu àwọn ẹlòmíràn fi mú ẹ̀mí òǹkọ̀wé náà lọ.

Ọ̀daràn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Kí ó tó kan ti Port Harcourt, ó yẹ kí a mẹ́nu ba ti Benin. Ní 1986, Lawrence Anini àti ọ̀wọ́ rẹ̀ kó ìpayà bá ìlú náà. Wọ́n ń já ọkọ̀ gbà, wọ́n ń jalè ní báńkì, wọ́n sì ń pa ọlọ́pàá. Ọwọ́ tẹ Anini ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu kì í ṣe ìwà ọ̀daràn rẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀rí rẹ̀: ó tọ́ka sí George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá, pé òun ni ó ń ran àwọn lọ́wọ́. Iyamu sẹ́. A dá wọn lẹ́bi, a sì yìnbọn pa wọ́n ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 1987.

Ìtàn àròsọ ì bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó kọjá Anini. Kín ni ìwọ̀n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti mọ̀ pé òun yóò kú? Ó lè sọ òtítọ́ nítorí pé kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù mọ́. Ó sì lè purọ́ kí ó má baà dá kú. Òfin ilẹ̀ wa gbà kí alábàáṣe ọ̀daràn jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún adájọ́ kí ó ṣọ́ra gidigidi bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn tí ó tì í lẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí ni òǹkàwé kò rí kọ́ nínú ìwé tí ìjẹ́wọ́ ọ̀daràn ti jẹ́ òpin ọ̀rọ̀.

Port Harcourt, 1995

Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, 1994, àwọn ọ̀dọ́ kan pa àwọn olórí Ogoni mẹ́rin ní Giokoo: Edward Kobani, Albert Badey, Samuel Orage àti Theophilus Orage. Ikú oró ni wọ́n kú. Ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha mú Saro-Wiwa, ẹni tí ó ń darí ẹgbẹ́ MOSOP, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Wọn kò gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Ìgbìmọ̀ àkànṣe tí Adájọ́ Ibrahim Auta jẹ́ alága rẹ̀ ni wọ́n gbé e fún, ọmọ ogun sì wà nínú àwọn mẹ́ta tí ó jókòó. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí.

Olùpẹjọ́ kò sọ pé Saro-Wiwa wà ní Giokoo nígbà tí wọ́n pa àwọn ènìyàn náà. Àwọn agbófinró ti dá ọkọ̀ rẹ̀ padà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ náà. Ẹ̀sùn náà ni pé ó ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu rú àwọn ọ̀dọ́ sókè kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà náà. Gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ wá rọ̀ sórí gbólóhùn tí àwọn kan ní àwọn gbọ́. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, kò sí ọkọ̀ olè tí a bá lọ́wọ́ ẹni. Etí ẹlẹ́rìí nìkan ni.

Ní oṣù Kejì 1995, méjì nínú àwọn tí olùpẹjọ́ ti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn búra sínú ìwé pé wọ́n fi owó àti ìlérí ra àwọn àti àwọn mìíràn láti jẹ́rìí èké. Wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ Shell nínú ọ̀rọ̀ náà; Shell sẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ náà kò jẹ́ kí ìwé ìbúra wọ̀nyí yí ẹjọ́ padà. Láàrin ọdún náà, àwọn agbẹjọ́rò tí Gani Fawehinmi àti Femi Falana wà nínú wọn yọwọ́, wọ́n ní kò sí ìdájọ́ òdodo níbẹ̀. Michael Birnbaum, agbẹjọ́rò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá wo ìgbẹ́jọ́ náà, kọ ìwé tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní òpin oṣù Kẹwàá, ìgbìmọ̀ dá mẹ́sàn-án lẹ́bi nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, wọ́n so wọ́n kọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt. Ní ọjọ́ kejì, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth dá Nàìjíríà dúró.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ẹjọ́ yìí fi hàn pé òwe náà kò dá lórí ọjà nìkan. Ó tún fi hàn pé ẹ̀rí tí ó ní àbààwọ́n kì í ṣẹ̀ sí olùjẹ́jọ́ nìkan. Ó ṣẹ̀ sí àwọn mẹ́rin tí wọ́n pa ní Giokoo pẹ̀lú, nítorí pé ìdájọ́ tí ayé kò gbà gbọ́ kò lè tu ìdílé òkú nínú.

Ní 2019, àwọn ọkùnrin kan tún dúró níwájú ilé-ẹjọ́ ní The Hague, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe fi owó bẹ̀ wọ́n láti jẹ́rìí èké ní ọdún wọ̀nyẹn. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé ẹ̀rí wọn kò tó láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Shell lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyèsí èyí. Òṣùwọ̀n kan náà tí ìgbìmọ̀ 1995 kò lò fún Saro-Wiwa ni adájọ́ The Hague lò fún ilé-iṣẹ́ náà: ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ láìfojú rí i, kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ òdodo gbọ́dọ̀ gba òṣùwọ̀n yìí nígbà tí ó bá dùn mọ́ ọn àti nígbà tí kò bá dùn.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìdáríjì fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àwọn kan sọ pé kì í ṣe ìdáríjì ni àwọn ń béèrè bí kò ṣe ìdáláre. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra ni, ṣùgbọ́n odò ńlá wà láàrin wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni à ń dárí jì. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ni à ń dá láre. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó bá irọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún kò lè jí òkú dìde.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni da ẹ̀bi ru Òkédìjí àti Akínlàdé. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n pinnu láti kọ, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àyè ṣì wà fún ìtàn Yorùbá tí yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí tiwọn parí: tí yóò wọ inú kóòtù, tí yóò jẹ́ kí a gbọ́ ẹlẹ́rìí tí kò dá ara rẹ̀ lójú, ògbufọ̀ tí ó rẹ̀, adájọ́ tí ọwọ́ ń ro bí ó ti ń kọ̀wé, àti olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀mí rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè parí láìsí ìjẹ́wọ́. Ó lè parí pẹ̀lú iyèméjì, kí adájọ́ sì dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ nítorí iyèméjì náà, kí ó má sì jẹ́ ìkùnà.

Títí di ìgbà tí ẹnìkan yóò kọ ọ́, àwọn olùkọ́ lọ́la tí ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn ṣe iṣẹ́. Kí wọ́n máa bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè bí ìtàn bá parí: ta ni ó rí i? Ta ni ó gbọ́ ọ? Ta ni ó kàn ń sọ ohun tí wọ́n sọ fún un? Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí, bí ó bá dàgbà tí ó di ọlọ́pàá, akọ̀wé kóòtù, oníròyìn tàbí ẹlẹ́rìí, kò ní rọrùn láti fi ẹnu rẹ̀ pa aláìṣẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ẹnu ogún láìwọ̀n ọ̀kan, òun náà kò sàn jù ú lọ.